Eré Olórin Tí À Ń Retí: Láti Smock Alley ní Dublin Dé Ilé-Ifẹ̀

Ẹni tó ń lọ wo Ọba Kò So, eré Dúró Ládiípọ̀, kì í lọ nítorí àtimọ bí ìtàn náà ṣe parí. Ó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé pé Ṣàngó yóò fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, àti pé àwọn tirẹ̀ yóò sẹ́ kanlẹ̀ pé ọba kò so. Ohun tó ń retí ni ìlù, orin, oríkì, àti ọ̀nà tí àwọn òṣèré òní yóò gbà ṣe ohun tí àwọn òṣèré àná ti ṣe rí. Irú ìrètí bẹ́ẹ̀ kò jọ ti ẹni tó ń lọ wo eré tuntun. Ẹni tó ń retí eré àtijọ́ ti ní eré kan lọ́kàn tẹ́lẹ̀; ìyàtọ̀ ló ń wá lọ síbi ìran.

Èdè Yorùbá ní gbólóhùn méjì fún ohun tí irú òǹwòran bẹ́ẹ̀ ń retí. A lè sọ pé ẹgbẹ́ kan tún eré gbé jáde. A sì lè sọ pé wọ́n tún eré ṣe. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò ju pé ohun tó wà nípamọ́ tún fara hàn. Èkejì ní ìtumọ̀ méjì nínú: ṣíṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kejì, àti títún ohun tó ti gbó ṣe kí ó lè wúlò. Àpilẹ̀kọ yìí tọ ipasẹ̀ eré olórin kan tó ti inú èrò ọmọ Dublin gbéra, tó gba London, Berlin àti New York kọjá, tó sì dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1977 gẹ́gẹ́ bí Opera Wonyosi, iṣẹ́ Wọlé Ṣóyínká tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ orúkọ rẹ̀ ju bí wọ́n ṣe mọ orin inú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, yóò padà sí Dublin láti wo ohun tí ẹgbẹ́ òṣèré kan tí ọmọ Yorùbá dá sílẹ̀ ṣe níbẹ̀. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé àtúnṣe ló ń gba ẹ̀mí eré là, kì í ṣe àtúngbéjáde lásán. Pé gbọ̀ngàn kékeré ni irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àti pé ìbéèrè nípa ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti tún eré ṣe ló ń pinnu èyí tí àwọn tó ń retí yóò rí àti èyí tí ojú wọn kò ní kàn.

Dublin àti Ópẹ́rà Alágbe

Dublin ni wọ́n bí Jonathan Swift sí ní 1667, ibẹ̀ náà ló sì ti di olórí àlùfáà kàtídírà St Patrick ní 1713. Ní 1716, nínú lẹ́tà kan sí akéwì Alexander Pope, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dá àbá kan tó dà bí àwàdà. Láyé ìgbà náà, àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn ewì nípa àwọn darandaran tó ń fi fèrè ṣeré lábẹ́ igi. Swift bèèrè pé báwo ni irú ewì bẹ́ẹ̀ yóò ti rí bí wọ́n bá gbé e lọ sí Newgate, ọgbà ẹ̀wọ̀n London, tí olè àti aṣẹ́wó sì rọ́pò darandaran. John Gay, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì, ló mú àbá náà lò, ṣùgbọ́n eré orí ìtàgé ló fi ṣe. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1728, wọ́n ṣí The Beggar's Opera, ìyẹn Ópẹ́rà Alágbe, ní gbọ̀ngàn Lincoln's Inn Fields ní London. Ìgbà 62 ni wọ́n ṣe é ní sáà àkọ́kọ́ yẹn, iye tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n nígbà náà.

Ohun méjì nínú iṣẹ́ Gay ló ṣe pàtàkì fún ìyókù ìtàn yìí. Èkíní ni orin. Eré náà ní orin 69, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé etí ẹnikẹ́ni. Gay mú ohùn tí àwọn èèyàn ti ń kọ ní ojú pópó àti ní ilé ọtí, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti Scotland, ti Ireland, ó sì fi ọ̀rọ̀ tuntun sí wọn lẹ́nu. Nítorí náà, òǹwòran gbọ́ orin àtijọ́ àti ọ̀rọ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kan náà, èkejì sì ń fi èkíní ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí àwọn Yorùbá ṣe máa ń mú ohùn orin ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n fi orin òṣèlú tàbí orin èébú sí i, kò nílò àlàyé lórí bí ọgbọ́n yìí ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èkejì ni ẹni tí eré náà ń bá wí. Peachum, olórí àwọn olè inú eré náà, a máa ra ẹrù olè lọ́wọ́ wọn, a sì máa ta àwọn olè kan náà fún ìjọba nígbà tí wọn kò bá mú èrè wá mọ́. Gbogbo London ló mọ ẹni tó jọ: Jonathan Wild, tó ń pe ara rẹ̀ ní ọdẹ olè, tí wọ́n yẹgi fún ní 1725. Ṣùgbọ́n wọ́n tún rí Robert Walpole, olórí ìjọba, nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí eré náà ń sọ ni pé bí olè ṣe wà ní ìsàlẹ̀ ló wà lókè, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo sì ni pé ti ìsàlẹ̀ ni okùn ń mú.

Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ti London tí Dublin fi rí eré náà. Ní oṣù Kẹta 1728, gbọ̀ngàn Smock Alley gbé e jáde. Swift kò sì dákẹ́: nínú ìwé ìròyìn The Intelligencer, tí òun àti Thomas Sheridan ń kọ ní Dublin ní ọdún kan náà, ó gbèjà eré náà lọ́wọ́ àwọn tó ní ó ń kọ́ èèyàn ní olè. Kò sí àṣẹ tí Dublin ní láti gbà lọ́wọ́ London. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain ní 1710 kò dé Ireland, àwọn òǹtẹ̀wé Dublin sì ń tẹ ìwé London bó ṣe wù wọ́n títí tí òfin fi dé bá wọn ní 1801, lẹ́yìn tí wọ́n so ìjọba ilẹ̀ méjèèjì pọ̀. Òmìnira yìí ló jẹ́ kí eré náà tètè bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò ní gbọ̀ngàn ńlá. Obìnrin ará Ítálì kan tó ń rìn lórí okùn, tí wọ́n ń pè ní Madame Violante, kó àwọn ọmọdé Dublin jọ, ó sì fi wọ́n ṣe Ópẹ́rà Alágbe nínú àgọ́ eré rẹ̀. Peg Woffington wà lára àwọn ọmọ náà, ẹni tó di ọ̀kan nínú àwọn òṣèrébìnrin tó lókìkí jù ní Dublin àti London lẹ́yìn náà. Nígbà tí ọmọdé bá ṣe olè, aṣẹ́wó àti adigunjalè lójú ìtàgé, ẹ̀gàn eré náà kò dín kù. Ńṣe ló tún múná sí i, nítorí àgbà tó ń wò ń rí ara rẹ̀ nínú aṣọ kékeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ kejì tí Gay kọ fi òdìkejì ọ̀rọ̀ náà hàn. Ní oṣù Kejìlá 1728, ìjọba London fòfin de Polly, eré tó tẹ̀ lé Ópẹ́rà Alágbe, kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Gay tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1729, ó sì rí owó gidi lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kú ní 1732 láìrí i lórí ìtàgé. Ọdún 1777 ni wọ́n tó ṣe é. Láàárín ọdún bíi 48, àwọn tó ń retí Polly kàn ń kà á ni. Nígbà tó fi máa dé, Walpole tó ń bá wí ti kú láti 1745, kò sì sí ẹni tó tún eré náà ṣe kí ó lè bá alágbára mìíràn wí. Ó jáde, ṣùgbọ́n kò rí ẹsẹ̀ dúró sí bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Hammersmith, Berlin, New York

Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní parí, Ópẹ́rà Alágbe ti di ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń dárúkọ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Nigel Playfair, òṣèré àti olùdarí, ti gba gbọ̀ngàn Lyric ní Hammersmith, ibi tó jìnnà sí àdúgbò tí àwọn gbọ̀ngàn ńlá London pọ̀ sí. Ní oṣù Kẹfà 1920, ó gbé eré Gay jáde níbẹ̀, Frederic Austin sì to àwọn orin rẹ̀ fún etí ìgbà náà. Ìgbà 1,463 ni wọ́n ṣe é kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1923.

Òkìkí Hammersmith ló gbé eré náà dé Jámánì. Elisabeth Hauptmann, tó ń bá Bertolt Brecht ṣiṣẹ́, gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gay sí èdè Jámánì. Lórí ìtumọ̀ yẹn ni Brecht ti mọ eré tirẹ̀, Kurt Weill sì dá orin tuntun sí i. Kò fi ju ẹyọ ohùn kan lọ sílẹ̀ nínú gbogbo ohùn tí Gay lò. Die Dreigroschenoper, ìyẹn Ópẹ́rà Olówó Pọ́ọ́kú, ṣí ní Berlin ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1928, igba ọdún gééré lẹ́yìn ti Gay. Àlàyé kan nínú rẹ̀ yóò ṣe pàtàkì nígbà tí a bá dé Ifẹ̀: Brecht fi ayẹyẹ ìfọbajẹ sí ìparí eré rẹ̀, ó sì jẹ́ kí oníṣẹ́ ọbabìnrin fi àánú ìfọbajẹ gba Macheath, ọ̀gá àwọn olè, lọ́wọ́ okùn. Nínú eré Brecht, orí ìtẹ́ ni àánú ti ń wá, ẹni tí àánú náà sì ń kàn ni ẹni tí kò tọ́ sí.

Ìtàn ti New York ló fi agbára àwọn tó ń retí hàn jù. Ní oṣù Kẹta 1954, wọ́n gbé ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Marc Blitzstein ṣe fún eré Brecht àti Weill jáde ní Theatre de Lys, gbọ̀ngàn tí ìjókòó rẹ̀ kò ju 299 lọ. Lẹ́yìn ìgbà 96, eré náà ní láti kúrò, kì í ṣe nítorí àìsí òǹwòran, bí kò ṣe pé ẹgbẹ́ mìíràn ti gba gbọ̀ngàn náà sílẹ̀. Àwọn tó ti rí i àti àwọn tí kò tíì rí i kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù. Brooks Atkinson, aṣelámèyítọ́ ìwé ìròyìn New York Times, náà sì ń ránni létí pé kí wọ́n dá a padà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1955 ó padà sí gbọ̀ngàn kékeré kan náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di oṣù Kejìlá 1961, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe é ju ìgbà 2,600 lọ. Ní New York yẹn kan náà, ní 1933, eré yìí kò lò ju ìgbà 12 lọ ní Broadway.

Ilé-Ifẹ̀, 1977

Kí eré tó wá láti òkèèrè tó dé Ifẹ̀, ó ti bá àṣà kan nílé. Yíyí ojú eré padà sí ohun tó wà níwájú ẹni kì í ṣe àjèjì sí eégún aláré. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, dé Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826, wọ́n ṣeré fún un. Lára ohun tí wọ́n gbé jáde ni eégún òyìnbó, tó ń fi ìrìn àti ìṣesí àlejò funfun dá àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín lójú àlejò náà fúnra rẹ̀. Àwọn òṣèré kò jáwọ́ nínú eré tí wọ́n ti jogún. Wọ́n kàn fi ẹni tó dé kún un ni. Ọ̀rọ̀ náà, ópẹ́rà, pàápàá kì í ṣe tuntun lẹ́nu Yorùbá ní 1977. Láti 1944, nígbà tí Hubert Ògúńdé gbé eré rẹ̀ lórí ọgbà Édẹ́nì jáde ní Glover Memorial Hall ní Èkó, ni wọ́n ti ń pe irú eré olórin bẹ́ẹ̀ ní ópẹ́rà. Ògúńdé tún mọ ohun tí ìfòfindè jẹ́: ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin dè é ní 1964 nítorí Yorùbá Ronú, ọdún 1966, lẹ́yìn tí ìjọba yẹn ṣubú, sì ni wọ́n tó tú u sílẹ̀.

Ṣóyínká gbé Opera Wonyosi jáde ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní oṣù Kejìlá 1977. Ó lo Gay, ó lo Brecht, ó sì fi gbogbo rẹ̀ sí Bangui, láàárín àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe àtìpó níbẹ̀, nígbà tí Jean-Bédel Bokassa ń múra láti fi ara rẹ̀ jọba. Kì í ṣe ọba inú àlá ni Ṣóyínká ń sọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1977 gan-an ni Bokassa dé adé ní Bangui, pẹ̀lú ìnáwó tó ya gbogbo ayé lẹ́nu ní orílẹ̀-èdè tí òṣì ti pọ̀. Ìfọbajẹ tí Brecht fi parí eré rẹ̀ di ìfọbajẹ tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde ní oṣù kan náà tí òǹwòran Ifẹ̀ jókòó láti wò ó.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tí Ṣóyínká fún àwọn èèyàn inú eré rẹ̀ fi hàn pé ó wo ilé dáadáa. Ó fi orúkọ Macheath sílẹ̀, ṣùgbọ́n Peachum di Àníkúrá. Etí tó mọ ìtàn Ìjẹ̀bú ta nígbà tó gbọ́ orúkọ yìí, nítorí Àníkúrá ni ọ̀daràn tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín 1920 sí 1929, tí ọ̀ràn rẹ̀ sì kan ààfin débi tí ìjọba amúnisìn fi yọ Awùjalẹ̀ Adénúgà lórí ìtẹ́ ní 1929. Ohun tí Jonathan Wild jẹ́ fún òǹwòran Gay ni Àníkúrá jẹ́ fún òǹwòran Ṣóyínká: ẹ̀rí pé ọ̀nà kan wà tó so ilé olè mọ́ ilé ọlá.

Àkọlé eré náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wonyosi ni orúkọ léèsì olówó iyebíye kan tó gbòde nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Nàìjíríà. Bí èèyàn bá pe àkọlé náà pẹ̀lú ohùn Yorùbá, ópẹ́rà yóò pín sí ọ̀rọ̀ méjì: ọ̀pẹ̀ rà. Òpònú ra Wonyosi. Kò sí ohun tó jọ èyí nínú Gay tàbí Brecht. Nínú àkọlé nìkan, Ṣóyínká ti yí ẹ̀gàn náà kúrò lórí olórí ìjọba nìkan, ó ti mú un wá sórí ẹni tó jókòó sí gbọ̀ngàn pẹ̀lú léèsì lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí eré náà mú ní 1977 ló di ẹrù fún un lẹ́yìn náà. Bokassa ṣubú ní oṣù Kẹsàn-án 1979. Nígbà tí ìwé eré náà jáde ní 1981, ẹni tó ń bá wí ti di ìsáǹsá, owó epo sì ti ń dín kù. Ẹgbẹ́ eléré tó bá fẹ́ gbé e jáde lónìí yóò dojú kọ ọ̀rọ̀ àti àwàdà tó nílò àlàyé. Ìdí nìyẹn tí àwọn eré Ṣóyínká bíi The Lion and the Jewel àti The Trials of Brother Jero fi ń padà sórí ìtàgé nígbà gbogbo, tí Opera Wonyosi sì wà nínú ìwé. Ṣóyínká fúnra rẹ̀ kò dúró dè é. Ní 1978, ó ti ń lo ẹgbẹ́ kékeré láti Ifẹ̀ fún àwọn eré ṣókí tó dá lórí ìròyìn ìgbà náà, èyí tí wọ́n lè ṣe níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí láìdúró de gbọ̀ngàn.

Dublin, 2003 sí 2013

Àwọn ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Ireland ní ìparí ọdún 1990 síwájú; ìkànìyàn 2006 rí ju 16,000 lọ. Ní oṣù Kẹfà 2004, àwọn olùdìbò Ireland fọwọ́ sí i, bíi 79 nínú ọgọ́rùn-ún, pé kí bíbí ọmọ sórí ilẹ̀ náà má ṣe máa sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ náà mọ́ bí àwọn òbí rẹ̀ bá jẹ́ àjèjì. Àwọn ìyá tó wá láti Áfíríkà wà lẹ́nu gbogbo èèyàn nígbà ìpolongo ìdìbò náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí lórí ìtàgé. Inú irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni Bísí Adígún, ọmọ Yorùbá, dá ẹgbẹ́ Arambe sílẹ̀ ní Dublin ní 2003. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú orúkọ náà: àrà ń bẹ.

Iṣẹ́ tí Arambe yàn fi hàn pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín gbígbé eré jáde àti títún un ṣe. Lára iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí gbé jáde ní Ifẹ̀ ní 1968, tí òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àtúnṣe eré Gíríìkì ti Ọba Ídípọ́ọ̀sì. Nígbà tí eré náà dé Dublin, ìtàn ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n bí i sí gan-an wá bọ́ sí ìlú tó ń jà lórí ìtumọ̀ ìbí. Ní 2006, wọ́n fi àwọn òṣèré ọmọ Áfíríkà ṣe The Kings of the Kilburn High Road, eré Jimmy Murphy nípa àwọn ọmọ Ireland tó lọ ṣiṣẹ́ ní London, tí wọn kò sì rí ọ̀nà padà sílé. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Murphy sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹnu tó ń sọ ọ́ ló yí padà. Àwọn ọmọ Dublin tí bàbá wọn ti ṣe àtìpó rí gbọ́ ìtàn bàbá wọn lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń pè ní àjèjì.

Iṣẹ́ tó tóbi jù ni ti The Playboy of the Western World. Nígbà tí J. M. Synge kọ́kọ́ gbé eré yìí jáde ní Abbey Theatre ní oṣù Kìn-ín-ní 1907, àwọn òǹwòran dá rúgúdù sílẹ̀. Ní 2007, ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Adígún àti òǹkọ̀wé Roddy Doyle gbé àtúnṣe wọn jáde ní Abbey kan náà. Nínú tiwọn, Christopher Malomo, ọmọ Nàìjíríà tó sá wá sí ilé ọtí kan ní ìwọ̀-oòrùn Dublin, ni ẹni tó gbà pé òun ti pa bàbá òun. Ọkọ́ ni ẹni ti Synge lò. Ọmọ odó ni Christopher lò. Ohun ìgúnyán yẹn nìkan ti tó láti fi yé Yorùbá tó wà nínú gbọ̀ngàn pé eré náà ti dé ilé rẹ̀.

Abbey tún gbé eré náà jáde láàárín oṣù Kejìlá 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn àyípadà tó wà nínú ọ̀rọ̀ eré náà àti lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ ọ́. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́, ọdún 2013 ni wọ́n sì tó parí rẹ̀ láàárín ara wọn. Synge ti kú láti 1909, iṣẹ́ rẹ̀ sì ti di ti gbogbo ayé. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni àtúnṣe. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, òfin dáàbò bo àwọn tó tún eré ṣe, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ tó bá tún ilé ṣe lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá wà lórí eré, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tó lè fọwọ́ kàn án pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, òǹwòran tó ń retí rẹ̀ sì jókòó sí ipò kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń retí Polly láàárín 1729 àti 1777.

Ta ló ni àtúnṣe?

Bí a bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí síwájú ara wọn, ohun kan hàn. Dublin ọdún 1728 tètè rí Ópẹ́rà Alágbe nítorí pé òfin kò dí i lọ́wọ́. Gay kò sì rí kọ́bọ̀ gbà láti Smock Alley tàbí láti àgọ́ Violante. Dublin ọdún 2013 dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí eré gbà ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́ ti di tóóró. Kò sí èyí tí a lè pè ní ìgbà wúrà nínú méjèèjì. Ìgbà àkọ́kọ́ jẹ́ kí eré yè, ó sì fi ebi pa òǹkọ̀wé. Èkejì bọ́ òǹkọ̀wé, ó sì lè jẹ́ kí eré sùn.

Ọ̀nà méjì ló wà fún Yorùbá Dublin tó bá fẹ́ rí Opera Wonyosi lórí ìtàgé. Ọ̀nà kan ni láti gba àṣẹ. Iṣẹ́ Ṣóyínká wà lábẹ́ òfin, èyí tó ń dáàbò bo iṣẹ́ òǹkọ̀wé ní Ireland títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀; àṣẹ láti gbé eré jáde kì í sì í ṣe àṣẹ láti yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ẹgbẹ́ tó bá gba ọ̀nà yìí yóò gbé Bangui ọdún 1977 jáde bí Ṣóyínká ṣe kọ ọ́, yóò sì gbára lé òǹwòran láti fúnra wọn wá ọba tí wọ́n mọ̀ rọ́pò Bokassa.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Ṣóyínká fúnra rẹ̀ gbà. Ọ̀rọ̀ Gay ti di ohun àjùmọ̀ní láti ọjọ́ pípẹ́. Àbá Swift kò ní olówó. Ohùn àwọn orin Ireland tó wà nínú Ópẹ́rà Alágbe wà níbẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí ọ̀rọ̀ tuntun. Ẹni tó bá tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní tún Opera Wonyosi gbé jáde, ṣùgbọ́n yóò ṣe ohun tí Opera Wonyosi ṣe: yóò wá Àníkúrá ìgbà tirẹ̀, yóò wá léèsì ìgbà tirẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹni tó sanwó wọlé bi ara rẹ̀ léèrè bóyá òun kọ́ ni ọ̀pẹ̀ tó rà á.

Smock Alley, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní 1662, pa ilẹ̀kùn rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gbọ̀ngàn eré ní 1787. Ó di ilé ìkẹ́rùsí, ó sì di ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 2012, ó tún di gbọ̀ngàn eré, gbọ̀ngàn kékeré kan nítòsí odò Liffey, lórí ilẹ̀ kan náà tí àwọn ará Dublin ti kọ́kọ́ gbọ́ orin Gay. Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọ̀ kò sọ pé irú ibẹ̀ kéré jù fún eré tó ti gba Berlin àti Ifẹ̀ kọjá. Nínú àgọ́ Violante, ní Hammersmith àti ní Theatre de Lys, ibi kékeré ni eré yìí ti tún ẹ̀mí rẹ̀ rí, nítorí níbẹ̀ ni ewu àṣìṣe kò ti pọ̀, tí òǹwòran sì súnmọ́ òṣèré tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè dibọ́n pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.